Orí Ẹfọ̀n Tó Kù Lára Ògiri

Ìkòyí-Ìjùmú,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Fẹ̀hìntọlá, ìyàwó mi kékeré,

Okun o. Mo gbà á ládùúrà pé òtútù ìlú òyìnbó kò tíì sọ ọ́ di ẹran inú firíìjì. Èmi ọkọ rẹ wà láàyè, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, ó rẹ̀ mí dé egungun.

Mo rí àwòrán ààfin ọdẹ tí o ti ń kọ́ bí a ṣe ń tún ilé àtijọ́ ṣe. O ní ọba kan ló kọ́ ààfin náà ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, nítorí ọdẹ ṣíṣe nìkan. Gbọ̀ngàn roboto láàárín, apá ilé mẹ́rin nà jáde bí ẹsẹ̀ alákàn, àgbọ̀nrín onídẹ lórí òrùlé. Wọ́n fi ẹfun ṣe òdòdó sára ògiri débi pé kò síbi tí ojú lè sinmi sí. Ọba tí ajá ń lé ẹran wá bá, tó tún sùn lábẹ́ wúrà, ṣé ọdẹ nìyẹn àbí àlejò?

Ṣùgbọ́n o ní ìwo ẹran tó pa ṣì wà lára ògiri. Ìyẹn ló dùn mí. O rántí ilé ọdẹ bàbá mi, iyàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, alámọ̀, tí orí ẹran kún ara rẹ̀. Òjò ti wó ẹ̀yìn rẹ̀. Láwọ̀yín, àbúrò bàbá rẹ, fẹ́ wó ìyókù, kó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò lágbára àtirẹ́ ẹ mọ́." Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tí ìyá àgbà ti lọ, èmi nìkan ló ń po amọ̀.

Mo gbà fún un. Mo kàn rán an létí àṣà ilé wa: a kì í sọ orí ẹran kalẹ̀ láìjẹ́ pé àgbà ilé sọ bí wọ́n ṣe pa á, kí gbogbo ẹni tó wà ní ìjókòó sì gbọ́ ọ tán. Ó ní kí n yára. Èmi, yára? Ìgalà àkọ́kọ́, láti orí ìyá-ìyá ẹran náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Bíríkìlà tó mú wá sùn lọ fọnfọn; lọ́jọ́ kejì kò padà wá. Láwọ̀yín ní, "Bàbá, ṣé ìgalà yìí ò ní í kú ni?" Mo ní kó ní sùúrù, ọdẹ kò tíì jáde nílé.

Àmọ́ orí ń tán, ohùn mi náà ń tán. Ẹfọ̀n òkè ilẹ̀kùn nìkan ló kù. Mo lè mú un rìn kiri títí òjò yóò fi dá; kọjá ibẹ̀, n kò ṣèlérí. Bí o bá fẹ́ bá ilé náà lórí ìdúró, tètè wá kí ẹfọ̀n tó kú.

Ọlọ́run yóò mú kí ilé tí o bá fọwọ́ kàn dúró. Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbé ọ mì.

Èmi ni bàbá bàbá rẹ, ọkọ rẹ àárọ̀,
Oyèbánjí.

Àfikún: Láwọ̀yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí. Kò mú bíríkìlà wá, àpótí ìjókòó ló gbé dání. Ó ní, "Bàbá, níbo la bá ẹfọ̀n yẹn dé?" N kò mọ̀ bóyá ilé ló fẹ́ wó tàbí ìtàn ló fẹ́ gbọ́. Má torí ìyẹn pẹ́.