Ẹni Tó Wá Wọn Èéfín Oko Wa

Lakowe,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì, 1983.

Sàídátù ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí Èkó gbé yín mì. Àyà ń dun ìyá rẹ díẹ̀, èéfín ló fà á, ọ̀rọ̀ èéfín náà ló sì jẹ́ kí n mú bírò.

Iná jó igbó wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Èéfín gòkè títí oòrùn fi pọ́n bí epo, tí àwọn adìẹ fi wọlé sùn ní agogo mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rùkáyàt dé láti ọ́fíìsì àwọn tó ń wo ojú ọjọ́, ó ní òun wá wọn èéfín. Mo wò ó látòkè délẹ̀. Ẹni tó bá wọn èéfín lónìí, ilẹ̀ ni yóò wọ̀n lọ́la, o sá mọ bí ìjọba ṣe ń gba ilẹ̀ níhà Ajah. Ó gbé fọ́ọ̀mù wá kí n tẹ̀ka sí i pé mo gbà kó lo ẹ̀yìnkùlé mi. Mo ní ìka ń dùn mí.

Ló bá lọ sí pápá ilé ìwé, ó fi gáàsì kún bàlúùnù funfun kan tó tóbi ju ẹnu ọ̀nà wa lọ, ó so àpótí kékeré tí yóò wọn èéfín náà mọ́ ọn, ó jù ú sílẹ̀, bàlúùnù náà gòkè lọ. Ó ní bí iná bá lágbára púpọ̀, èéfín rẹ̀ lè kọjá àwọsánmà, níbi tí òjò kò ti lè fọ̀ ọ́ wálẹ̀, á máa rìn kiri lókè fún ọ̀pọ̀ oṣù, á sì máa dínà oòrùn, ilẹ̀ kò ní gbóná bó ṣe yẹ. Mo bi í pé bí tiwa bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ṣé wọn yóò mọ̀ pé Lakowe ló ti wá? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi, má ka ibí yìí sétí ọkọ rẹ. Èmi ni mo ṣáná sí pàǹtí oko mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo rò pé mo ti pa á kí n tó lọ kírun Jímọ̀. Atẹ́gùn gbé e, ó jó igi àgbọn mọ́kànlá tí Gàníyù fi sílẹ̀ fún Sìmbíátù opó rẹ̀. Gbogbo ìlú ní àwọn ọdẹ ló fà á, èmi náà bá wọn bú àwọn ọdẹ.

Ìgbà tí bàlúùnù náà bẹ́ lókè, tí àpótí yẹn wá já sínú oko ẹ̀gẹ́ mi, mo mọ̀ pé ó ti rí mi lókè. Wáyà wà nínú rẹ̀ bíi ti rédíò. Mo tẹ́tí sí i bóyá yóò pe orúkọ mi, kò fọhùn, mo bá tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rùkáyàt padà wá bèèrè rẹ̀, mo ní n kò rí i, mo wá bi í bí ẹni tí kò bìkítà pé ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè sọ ẹni tó ṣáná. Ó ní, rárá o, Bàbá, bí èéfín bá ti dàpọ̀ lókè, kò sí ẹni kan tó ni ín mọ́, gbogbo wa la jọ ni ín.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa kọ́ la jọ ni igi àgbọn tó jó. Mo gbé àpótí rẹ̀ fún un, mo lọ sílé Sìmbíátù, mo ṣí fìlà, mo jẹ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, Bàbá Sàídátù, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, ẹ ti ń sáré pẹ̀lú ewé tútù tí ẹ fẹ́ fi paná lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó pariwo iná. Ó ní àgbọn kọ́ ló dun òun, bí kò ṣe pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá kí òun kú àdánwò.

Nítorí náà, fi owó ọmọ àgbọn mọ́kànlá ránṣẹ́, èmi fúnra mi ni n óò gbìn wọ́n. Má gba bánkì, n kò mọ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà, Tájù tó ń wa lọ́rì ẹja ni kí o fi rán. Wọ́n ní yóò tó ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó so. Bá mi bẹ Ọlọ́run kí ẹ̀mí Sìmbíátù gùn tó bẹ́ẹ̀, kí tèmi náà gùn, kí n lè máa bomi rin wọ́n.

Ilé rẹ kò ní dàrú. Ọmọ rẹ kò ní sin ọ́ ní rèwerèwe.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kàsímù Odùkọ̀yà.