Bíréèkì Tó Jẹ Lápá Kan àti Ẹ̀sùn Tí A Fi Kan Nùrẹ́nì

Ojúlé Kẹtàlá,
Òpópónà Ìfẹ́lódùn,
Joju, Sango-Ọ̀tà,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Mójú Tó Ọkọ̀,
Ìjọ Ibùdó Ìyọ́nú,
Joju, Sango-Ọ̀tà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ A MÁ LÉ AWAKỌ̀ WA NÍTORÍ BÍRÉÈKÌ TÓ JẸ LÁPÁ KAN

1. Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ kú iṣẹ́ ìjọ. Mo gbọ́ pé ní ìpàdé yín tó ń bọ̀ lẹ máa fọwọ́ sí i pé kí Nùrẹ́nì, tó ń wa bọ́ọ̀sì ìjọ wa, máa lọ sílé. Mo bẹ̀ yín, ẹ ka ìwé yìí tán kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

2. Mo wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Iwájú ni mo jókòó sí, àwa akọrin ń bọ̀ láti Alapoti. Ewúrẹ́ kan já sójú títì, Nùrẹ́nì tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà sì yà bàrá sápá ọ̀tún, ó ki táyà bọ gọ́tà. Kò sáré. Èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ awakọ̀ tó bá ń sáré ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Màmá Ìníolúwa, ọ̀kan nínú àwa akọrin, fi ọwọ́ rọ́, ẹ̀rù sì ba gbogbo wa. N kò fojú kéré ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ́jọ́ náà, ẹkún là bá máa sun báyìí.

3. Ẹ̀sùn méjì ni mo gbọ́ pé a fi kàn án. Wọ́n ní ó máa ń tẹ bíréèkì bí ẹni tó ń tẹ ejò mọ́lẹ̀, pé òun ló fà á tí páàdì, ohun tó ń di táyà mú kí ọkọ̀ lè dúró, fi ń tètè jẹ. Wọ́n tún ní olùṣọ́ ń rí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń fi ọṣẹ fọ òróró àdúrà kúrò lára táyà. Nítorí pé Mùsùlùmí ni, àwọn kan ka èyí sí pé ó ń fi ìgbàgbọ́ wa ṣe yẹ̀yẹ́.

4. Iṣẹ́ mi ní ilé iṣẹ́ tí mo wà ní Ọ̀tà ni kí n máa yẹ ohun tí ẹ̀rọ bá ṣe jáde wò, kí n sì sọ ibi tí àṣìṣe ti wá. Nǹkan tó bá jẹ lápá kan kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Nítorí náà, mo tẹ̀ lé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Dèjì, mẹkáníìkì tí ìjọ ń lò. Ó tú táyà iwájú méjèèjì lójú mi. Páàdì apá ọ̀tún ti jẹ tán, irin ti ń ha irin. Ti apá òsì ṣì nípọn, ojú rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán. Ọjọ́ kan náà ni Dèjì fi méjèèjì síbẹ̀.

5. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rò ó. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni Nùrẹ́nì fi ń tẹ bíréèkì, ìtẹ̀ kan náà ló sì ń lọ sí ọ̀tún àti òsì. Bó bá jẹ́ pé ó ń tẹ̀ ẹ́ jù ni, méjèèjì ni ì bá jẹ. A máa ń rí ohun tó gbó, a ó sì ní òun ló ní àléébù. Lára ọkọ̀ yìí, èyí tó gbó ni èyí tó ń ṣiṣẹ́.

6. Dèjì kọ́kọ́ rò pé irin tó ń ti páàdì apá òsì ló há. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò há. Ó wo rọ́bà tí omi bíréèkì ń gbà, kò dí, kò sì jò. Mo wá rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo mú páàdì òsì náà, mo gbé e sí imú. Òórùn òróró ólífì ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹgbẹ́ aládùúrà máa ń ta òróró sí táyà bọ́ọ̀sì wa. Níbi tí a ń gbé e sí, apá ọ̀tún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, ènìyàn kò lè gba ibẹ̀ kọjá, apá òsì nìkan ni ọwọ́ ń tó. Àwọn ará wa kò sì ní ahun. Wọn kì í fi ìka kàn án, ṣe ni wọ́n ń dà á gba ojú ihò rímù wọlé. Bíréèkì tó bá ti mu òróró kò lè di nǹkan mú mọ́. Apá ọ̀tún ló wá ń dá iṣẹ́ ṣe, apá ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ sì ń yà sí. N kò bá àdúrà jà o. Mo wà lára àwọn tó ń ṣe àmín níbẹ̀.

7. Mo lọ bá Nùrẹ́nì nílé. Ó ní òun ti kíyè sí i pé bí a bá ti ta òróró báyìí, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sọ́tùn-ún, ìdí nìyẹn tí òun fi ń fọ táyà. Kò mọ̀ pé ọṣẹ kò lè bọ́ ohun tí páàdì ti mu sínú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Mọ́mì, ta ni mo jẹ́ tí màá ní kí wọ́n má da òróró àdúrà wọn sí mọ́tò wọn? Wọ́n á ní torí pé mi ò kì í ṣe tiwọn ni.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé bí a ṣe máa sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

8. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má lé e. Ìyàwó rẹ̀, Naimat, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìjọ yìí náà ló rán wa lọ fi aṣọ ọmọ kí wọn, kò sì yẹ kí àwa kan náà gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ẹ jẹ́ kí Dèjì pààrọ̀ páàdì iwájú méjèèjì pọ̀, kí ó fọ òróró kúrò lára irin tí wọ́n ń dì mú. Ẹ sì bá wa sọ fún ẹgbẹ́ aládùúrà pé kí òróró máa mọ sí ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà yóò gbọ́ ọ níbẹ̀.

9. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. N kò pè yín bẹ́ẹ̀, ẹ kò tíì dá ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọdún kẹrin rèé tí Nùrẹ́nì ti ń gbé wa lọ sílé Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ tí a sì ń bá a sọ kò ju “dúró níbí” àti “ó yá, jẹ́ ká lọ” lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é wá sí ìpàdé náà. Ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó rí.

Ẹ ṣeun fún sùúrù tí ẹ fi kà á.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìjọ,

Susanna Adérógbà (Ìyáàfin),
Olórí Ẹgbẹ́ Akọrin.