Màmá Onífọṣọ, Ọ̀gá Tó Kọ́ Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Tẹlòmíràn

Ọdún 1944 ni a bí ìyá wa, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Màmá Onífọṣọ. Káfíńtà ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn, àwọn sì ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Wọ́n ka ìwé mẹ́wàá yege. Ní 1967, wọ́n fẹ́ bàbá wa, awakọ̀ tí ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ní 1975, wọ́n dá ilé ìfọṣọ sílẹ̀, wọ́n ń fọ aṣọ ibùsùn fún àwọn ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ wọn mọ́ tónítóní, àmọ́ ohùn wọn le. A ò ní purọ́ nítorí pé wọ́n ti lọ: àwa ọmọ pàápàá máa ń yọ́ rìn nínú ilé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní 1986, àgbá omi gbígbóná bú gbàù, ògiri ẹ̀yìn sì wó. Ọlọ́run ṣàánú, gbogbo òṣìṣẹ́ wà níta tí wọ́n ń sá aṣọ. Màmá kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń fọwọ́ kan ẹnìkọ̀ọ̀kan léjìká. Àwọn mẹ́tàdínlógún pé. Ìgbà náà ni ẹni tó ń tọ́jú àgbá dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti rí i pé ó ń jò.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Ẹ̀rù yín ló bà mí, Mà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ojú gbogbo wa lẹ ti bú u.”

Kálukú ń retí ariwo. Màmá jókòó sórí àpò ọṣẹ, omi bọ́ lójú wọn. “O ṣeun tí o sọ ọ́. Èmi ni mo pa yín lẹ́nu mọ́.”

Láti ìgbà náà, wọn a máa jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ láràárọ̀, wọn a béèrè ohun tó ń dùn wọ́n, wọn a sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Kò rọrùn o! Nígbà míràn, wọn a kọ́kọ́ yí àgbàlá po kí inú wọn tó rọ̀. Ẹni tó tọ́jú àgbá yẹn ló padà di máníjà wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ni wọ́n ń pè bí tọkọtaya bá ń jà.

Ní 2009, Màmá lọ sílé àkọ́bí wọn, tó ti yàn wọ́n lódì fún ọdún mẹ́ta. “Mi ò wá rojọ́. Sọ ohun tí mo ṣe fún ẹ.” Ó sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Màmá ò gbèjà ara wọn rárá. Wọ́n jọ jẹun lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní 2024, Màmá sùn, wọn ò jí mọ́. Ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àtọmọdọ́mọ méjì ló gbẹ̀yìn wọn. A sunkún, àmọ́ ọkàn wa balẹ̀, torí kò sí ẹni tó ń bínú sí wọn nínú wa.

Ẹ sinmi, Màmá. Kí oorun yín ó dùn o.