Àtàǹpàkò Bàbá

Attécoubé, Abidjan
le 14 mars 2001

Ẹ̀gbọ́n mi Àbdùlgàfár,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti gbogbo ará ilé ní Ṣakí. Ibà Ànísà ọmọ mi ti ń lọ. Owó tí ẹ fi rán Síkírù dé, òun la fi ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ Bàbá wa.

Ẹ rántí owó tí Bàbá fi pamọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe sọ́jà Faransé. Ogún ọdún ni wọ́n fi bá akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba kan ní Plateau níbí jiyàn pé ó yọ òdo méjì dànù nígbà tó ṣẹ́ owó Faransé náà sí owó séfà ti ibí. Àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá jáde láyé gan-an ni lẹ́tà dé: Bàbá ló jàre, kí Bàbá fúnra wọn tẹ̀ka sí ìwé tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó lè gba owó wọn.

Ẹ̀gbọ́n, kí àwọn tí yóò wẹ òkú tó wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi íǹkì kun àtàǹpàkò Bàbá, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Ìwé náà wà lábẹ́ ẹní mi. Mi ò lè gbé e lọ, mi ò sì lè ya á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí n ó ṣe fún mi. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Àwọn tó wẹ Bàbá fọ ọwọ́ Bàbá títí, íǹkì ò ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wé aṣọ funfun mọ́ Bàbá lára.

Àbúrò yín,
Ràmúlátù