Aṣọ Ibùsùn Mi Tó Di Àwòrán

Olóòtú ètò ìmọ̀ràn wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì fẹ́ ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ń ya àwòrán tí kò lójú, tí kò nímú, níbí. Nígbà tí kò rí aṣọ yàwòrán sí, aṣọ ibùsùn funfun mi ni mo ká fún un. Nígbà tí àwọn aládùúgbò rí ohun tó yà sí i, wọ́n ní, "Ṣé adìẹ ló da ọ̀dà nù ni?" Mo ní kí adìẹ tiwọn náà da tirẹ̀ ká rí i.

Ní ilé ìṣàfihàn àwòrán lọ́jọ́sí, mo rí ibi tí áyọ́ọ̀nù mi ti jó aṣọ náà; àbúrò mi ti ya ojú jíjó náà di oòrùn! Mo fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ṣọ́ pariwo, "Ìyá, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Èmi tí mo fọ̀ ọ́!

Láti ìgbà tí àbúrò mi ti di gbajúmọ̀, èèyàn ló ń rán sí mi, kì í yọjú. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ yín. Ìwọ ọmọ yìí, o jẹ mí ní aṣọ ibùsùn kan. Fúnra rẹ ni kí o gbé e wá.