Ìwúkàrà Ọ̀rẹ́ Mi

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Klaipėda níbí. A ti ṣe ìrìbọmi ọmọ, ó sì dùn gan-an. Ẹ ní ṣé ọtí bíà tí mo pọn kárí àlejò. Ó kárí o! Kódà, ó ṣẹ́kù rẹpẹtẹ.

Bàbá ìyàwó mi ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, "Àna mi, ìwúkàrà wo lo fi pọn eléyìí? Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bà jẹ́!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Ẹ má ṣèyọnu nípa ìwúkàrà ilé wa tí ẹ dì fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbí tí ìyá ẹ̀ náà fún nírú ẹ̀, èyí tó ti wà láti ayé ìyá ìyá wọn. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń mú ilé móoru, ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, ó sì kú. Ló bá ra ti ṣọ́ọ̀bù, èyí tó ń fẹ́ òtútù, ó dà á sínú omi ọkà tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, bí a ṣe máa ń ṣe tiwa, ni ọtí ẹ̀ bá ń rùn. Ojú ń tì í gan-an. Kò mọ bó ṣe máa sọ fún ìyá ẹ̀.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Genovaitė tí ẹ máa ń bù nínú ìwúkàrà tiwa fún. Tí wọ́n bá ṣì ní díẹ̀, kí wọ́n bá ọ̀rẹ́ mi tọ́jú ife kan.

Ọmọ-ọmọ yín ń kí yín. Ọ̀rẹ́ mi náà ń kí yín, ó ní ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ má bínú.

Vytenis yín