Mo Dá Abẹ́bẹ̀ Dúró Lórí Ẹja Ọ̀rẹ́ Mi

Ẹgbẹ̀rin náírà ni wọ́n ń ta abẹ́bẹ̀ tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ní Itamaga báyìí. Ẹ má bi mí pé kí ló kàn yín nínú ìyẹn, ẹ ó rí i. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ kà á, torí láti Ọjọ́bọ̀ ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́, èmi tí mo máa ń jẹ ẹ̀bà nílé òkú. Ẹni tó máa sọ òótọ́ fún mi ni mò ń wá o, kì í ṣe ẹni tó máa kí mi kú ìrọ́jú...

Ẹja tútù ni mò ń tà ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ojú ni mo fi ka ìyókù. Ọ̀rẹ́ mi ló ń pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n pè é ní Ìyá Ràfíù, orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ọdún kan náà la relé ọkọ. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ gidi ni, àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tó bá ọba wọn kúrò ní Èkó wá síbí, ó sì máa ń fi yangàn bíi pé òun ló tukọ̀ wọn wá. Kì í fi ìrun Àìlà ọ̀sán ṣeré. Ní ìlà tiwa, bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ kírun, kì í palẹ̀ ọjà mọ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa bá a tà, á sì máa fi abẹ́bẹ̀ lé eṣinṣin lórí ẹja àwọn méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan níbí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́hùn-ún. Torí ẹja tí eṣinṣin bá ti bà, kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé ìgbà wo ni wọ́n pa á. Tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, Ìyá Ràfíù ló ń fẹ́ tèmi, àwọn ará ìlà sì sọ fún mi pé ó máa ń fẹ́ tèmi ju tirẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná.

Lọ́jọ́ kan, ó ti tà jù mí lọ láàárọ̀, ó tún wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ìlà, ó ní ẹja àrọ̀ mi rù bí ẹni ń gbààwẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi gan-an ni mo rẹ́rìn-ín jù. Ó lọ kírun. Mo mú abẹ́bẹ̀... ọwọ́ mi ń lọ sórí tèmi, kò dé orí tirẹ̀ mọ́. Ṣé apá ló ń ro mí? Ṣé yẹ̀yẹ́ yẹn ló ń dùn mí? Mi ò mọ̀. Mi ò purọ́ mọ́ ọn, mi ò la ẹnu mi rárá, mo kàn dá ọwọ́ dúró. Eṣinṣin bà, wọ́n sì pe ẹbí wọn. Ìyàwó ilé kan láti ẹ̀sítéètì, tó máa ń ra ẹja ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, wò ó, ó yínmú, ó yà sọ́dọ̀ mi. Ẹni tó tẹ̀ lé e ò tiẹ̀ rí eṣinṣin kankan o, ó ṣáà rí i pé ẹni iwájú yà, lòun náà bá yà. Ẹnì kẹta yà. Àfi bí àgùntàn. Mo gbé ẹ̀rín mì.

Lọ́jọ́ kejì mo tún ṣe é. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń ṣe é... Nígbà tí ẹ̀rí ọkàn wá mú mi, mo ń fẹ́ tirẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ná, àmọ́ àwọn kọ́sítọ́mà ò nílò eṣinṣin mọ́ kí wọ́n tó yà. Ó ti mọ́ wọn lára.

Ọmọ mi obìnrin tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, Itamaga ló ń gbé. Mo lọ kí i, ó ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan, lórí ìdí tí èèyàn fi ń hu ìwà tó ń hù. Mo ní ohun tí mò ń sanwó fún nìyí? Wá jókòó tì mí ní Olúwo, wàá gboyè láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kà á fún mi lọ, pé bí nǹkan ò bá dá èèyàn lójú, ibi tí ẹlòmíì bá yà sí lòun náà máa yà sí. Pé ọ̀pọ̀ ìgbà, ọwọ́ á ti ṣe nǹkan tán kí ẹnu tó wá ìdí tó dáa fún un. Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Mo bi í pé ṣé wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe síbẹ̀. Ó ní, "Màámi, ìbẹ̀rẹ̀ ìwé la ṣì wà, a ò tíì débẹ̀."

Èmi ti débẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Owó òwò Ìyá Ràfíù ti tán. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó yéé fi ọjà sílẹ̀ lọ kírun, ó ní Ọlọ́run kọ́ ló ń lé kọ́sítọ́mà. Ó ní ọ̀tá ni. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí Ọlọ́run lè tú aṣebi náà fó, mo sì gbà á pé... ẹ̀yin náà ẹ wò ó, èmi ni mò ń febi pa ara mi kí wọ́n lè tú mi fó. Tí kì í bá ṣe pé ẹkún ni, ẹ̀rín ni ǹ bá fi rín.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ó ń lọ sí Ibeshe lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, kó lọ máa bá a yan ẹja níbi ààrò. Obìnrin tó ní àtẹ tirẹ̀. Ṣé kí n sọ fún un kó tó lọ? Tí mo bá sọ ọ́, ìlà á lé mi, kí ni màá wá fi rán ọmọ níléèwé? Tí mi ò bá sọ ọ́, ṣé màá lè jókòó síbẹ̀ kí n máa wo àyè rẹ̀? Ṣé kí n dúró dìgbà tó bá dé Ibeshe kí n pè é lórí fóònù? Àbí kí n fún un ní ìdajì ọjà mi láìsọ ìdí? Kí ló dé tí mo ṣe é gan-an? Ẹni tó bá mọ̀ nínú yín, ẹ bá mi sọ ọ́, torí ìwé ọmọ mi ò tíì débẹ̀.

Ó wá bá mi l'Ọ́jọ́bọ̀, ó ní ẹnì kan ṣoṣo tó dúró ti òun ní ìlà yìí ni èmi. Ó di owó abẹ́bẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo ń tì í, ó ń tì í padà. Ó ní òun ti rò ó, ó kéré tán mo ti fẹ́ abẹ́bẹ̀ mẹ́rin gbó lórí ẹja òun láti ọjọ́ tí a ti jọ ń tà, òun ò ní gbé oore olóore lọ láìdúpẹ́. Owó náà wà ní ìdí ìró mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò lè ná an, mi ò lè dá a padà... ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti igba náírà.